Òjìji Tó Ń Ṣubú Sọ́nà Òkun

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà, 2009

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ogún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, mẹ́rìnlá ló kù. Mi ò dárò àwọn mẹ́fà tó lọ. Wọ́n rò pé ọjọ́ mẹ́ta ni èèyàn fi ń kọ́ iṣẹ́ sólà, pé tó bá di ọjọ́ kẹrin àwọn á ti máa gun òrùlé olówó ní Lẹ́kí.

Bukky ọmọ mi ló ra ìwé yìí fún mi. Ó ní kí n máa kọ nǹkan sínú rẹ̀, kí n yéé bá tẹlifíṣọ̀n jà. Ó dáa, mo ti bẹ̀rẹ̀. Olúgbóyèga, enjiníà iná mànàmáná. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọdún mẹ́rin lẹ́nu ìfẹ̀yìntì. Ìyàwó ti kú, orúnkún méjèèjì ń dùn. Olùkọ́ báyìí ní gbọ̀ngàn àwọn onílé ní Festac. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni kọ́ọ̀sì náà: bí a ṣe ń gbé sólà sórí ilé, àti bí ilé ṣe ń fi iná díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Àjọ kan ló ń gbé bùkátà rẹ̀. Ọlábùnmí ni orúkọ obìnrin tó ń ṣojú wọn. Ìyá Ríípọ́ọ̀tù ni mò ń pè é — nínú ìwé yìí nìkan o. Kì í kí èèyàn tán kó tó bèèrè ríípọ́ọ̀tù.

Ilé iṣẹ́ sólà kan ní Trade Fair ti ṣèlérí pé àwọn máa gba ẹni mẹ́ta tó bá ṣe dáadáa jù síṣẹ́. Mẹ́ta péré. Gbogbo kíláàsì ló ń wo ọ̀nà ibẹ̀.

Òfin kọ́ọ̀sì, èmi ni mo kọ ọ́. Mẹ́wàá ni. Ìkẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù: máàkì tí olùkọ́ bá ti fọwọ́ sí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí i padà. Mo mọ ìdí tí mo fi kọ bẹ́ẹ̀. Ojú mi yìí ló rí i ní mínísírì, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà funfun pa máàkì rẹ́ nítorí ọmọ ọ̀gá. Kò ní ṣẹlẹ̀ níbi tí mo bá wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9/6

Mo kó wọn lọ sí Raji Rasaki Estate, ilé ìgbẹ̀bí Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bùnlọlá. Orí òrùlé ibẹ̀ la máa gbé páńẹ́lì mẹ́rin sí, kí àwọn aboyún yéé bímọ nínú òkùnkùn. Àmọ́ kí a tó gbé ohunkóhun, a ní láti mọ iye iná tí ilé náà ń jẹ.

Gbogbo wọn ń ka gílóòbù. Basheerah nìkan ló lọ sídìí fìríìjì tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Ó ya bébà pẹlẹbẹ kan, ó fi há ẹnu ilẹ̀kùn, ó tì í, ó fà á. Bébà yọ wẹ́rẹ́. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì mà, rọ́bà ilẹ̀kùn yìí ti kú o. Ìta ni òtútù tí ẹ ń sanwó fún ń lọ."

Èmi gan-an ò ronú kan fìríìjì.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Màmá rẹ̀, Alhaja Sàdíátù, ń ta pùrófísọ̀n nínú ẹ́sítéètì yẹn kan náà. Bàbá rẹ̀ tó ti kú ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn, òun ló máa ń pe ìrun. Bí ọmọ yìí bá ń bá a lọ báyìí, òun ni yóò gba ipò kìíní. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè fi yangàn lọ́jọ́ iwájú pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí i.

Ọjọ́rú, 10/6

Inú ń bí mi. Ó ti tó wákàtí mẹ́ta tí mo ti délé, ó ṣì ń bí mi.

Bí a ṣe ń gbé páńẹ́lì dúró ni mò ń kọ́ wọn. Mo ṣí ìwé ńlá mi, èyí tí mo gbé bọ̀ láti Jámánì ní 1981, ọdún tí ìjọba rán mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Kò sí ẹlòmíì tó ní irú rẹ̀ ní Festac yìí. Mo ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó: kọ ojú páńẹ́lì sí gúúsù, gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè ní dígíríì ogójì. Basheerah nawọ́.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, níbi tí wọ́n ti kọ ìwé yẹn, ṣé òòrùn máa ń dé agbede orí wọn bíi tiwa?"

Mo ní òòrùn kan náà ló ń ràn ní gbogbo ayé.

Kò jókòó. Ó ní, "Ní irú oṣù yìí sà, tó bá di ọ̀sán, òòrùn á ti bọ́ sí apá àríwá wa. Òjìji á wá máa ṣubú sọ́nà òkun, ní gúúsù. Bàbá mi máa ń ri igi mọ́lẹ̀, èmi ló máa ń ní kí n ṣọ́ òjìji rẹ̀ kó tó pe ìrun àyìlà, ìrun ọ̀sán. Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹsàn-án, ọ̀nà òkun ló máa ń lọ. Tí a bá wá gbé páńẹ́lì tó báyẹn, tó kọjú sí gúúsù, ṣé kì í ṣe pé ó máa kẹ̀yìn sóòrùn ni?"

Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ igi àti àyìlà. Èmi tí mo ti lọ sí Jámánì.

Mo ní, "Ilé ìwé nìyí, kì í ṣe mọ́ṣáláṣí. Jókòó."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Clement ló ròkè jù — Clement, Alábẹ́ẹ̀ni, tó máa ń ní "bẹ́ẹ̀ ni sà" kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, Basheerah. Lẹ́yìn náà ló wolẹ̀, ó sì jókòó.

Òjìji ni mo sọ ọ́ láti òní lọ.

Ọjọ́bọ̀, 11/6

Òjìji wá. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13/6

Páńẹ́lì mẹ́rin ti dé orí òrùlé Nọ́ọ̀sì! Wọ́n dúró gbọn-in, ogójì géérégé, bí ó ṣe wà nínú ìwé. Alábẹ́ẹ̀ni ló di irin ìwọ̀n mú. Òjìji ló di àwọn wáyà, ó sì dì wọ́n dáadáa, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí a parí, ó fi ọwọ́ ṣíji bojú, ó gbójú sókè wo òrùlé fún ìgbà díẹ̀. Mo dúró kó sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́.

Ìyá Ríípọ́ọ̀tù ya fọ́tò. Èmi ni mo wà láàárín.

Ọjọ́ Ẹtì, 19/6

Nọ́ọ̀sì pè. Ó ní iná máa ń kú láago mẹ́ta òru. Mo ní àsìkò òjò nìyí, kó ní sùúrù, kó má sì ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Ó ní òun kì í lọṣọ ní yàrá ìgbẹ̀bí.

Ẹnu rẹ̀ mú.

Ọjọ́ Ẹtì, 26/6

Ìdánwò. Ìbéèrè mẹ́wàá, máàkì mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìkeje: báwo ni a ṣe ń gbé páńẹ́lì dúró? Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Òjìji ti gbọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 28/6

Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo jókòó ti ìwé ìdánwò. Mo máàkì gbogbo rẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìwé Òjìji ló mọ́ jù. Èyí tó kọ nípa gílóòbù àti rọ́bà fìríìjì, ká tẹ̀ ẹ́ ká máa pín in fún ará ìlú. Mo dé ìkeje. *Fún Èkó: dígíríì mẹ́wàá péré, kí omi òjò lè máa fọ eruku rẹ̀ dànù.* Ó wá ya igi kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú òjìji rẹ̀.

Pẹ̀lú òjìji rẹ̀! Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ.

Mo fún un ní òdo. Mo sì fi bírò pupa kọ gbólóhùn tí mo sọ fún un ní kíláàsì sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ó máa wọ̀ ọ́ létí báyìí. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ dúró díẹ̀ kó tó kọ òdo yẹn. Mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹni kìíní, mẹ́tàléláàádọ́rin. Ẹni kejì, mọ́kànléláàádọ́rin. Clement, àádọ́rin. Òjìji, mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ipò kẹrin.

Ọjọ́ Ajé, 29/6

Mo fọwọ́ sí àwọn máàkì náà. Ìyá Ríípọ́ọ̀tù ti gbé e lọ.

Ọjọ́ Ajé, 6/7

Alhaja Sàdíátù wá sílé mi, òun àti ọmọ rẹ̀. Agolo mílíìkì mẹ́fà àti páálí ṣúgà kan nínú lailọọ̀nù. Ó ní òun wá dúpẹ́ ni, pé mo kọ́ ọmọ òun. Ó ní, "Lójoojúmọ́ ló ń sọ̀rọ̀ yín, sà. Ó ní ẹ ò fi nǹkan kan pamọ́ fún àwọn."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ìyá náà rọra bi mí léèrè: "Kí ló kù díẹ̀ káàtó lára ọmọ mi, sà, tí kò fi wọ mẹ́ta? Kí n lè bá a sọ ọ́."

Mo ní kì í fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí olùkọ́ bá sọ.

Ọmọ náà dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá ní, "Ṣé o gbọ́?" Ó ní, "Mo gbọ́, mà."

Mílíìkì náà ṣì wà lórí tábìlì. Mi ò tíì gbé e.

Ọjọ́bọ̀, 9/7

Alábẹ́ẹ̀ni pè láti ilé iṣẹ́ sólà tó gbà á. Ó ní wọ́n ní kí òun gbé páńẹ́lì kan dúró, òun gbé e sí ogójì, gbogbo wọn ń fi òun rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bèèrè ẹni tó kọ́ òun. "Mo ní ẹ̀yin ni, sà! Mo dárúkọ yín fún wọn dáadáa!"

Àwọn ọmọ àná. Kí ni wọ́n mọ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14/7

Mi ò mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì pè ní kùtùkùtù. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló fi tan iná gbẹ̀bí lóru àná. Ìyá yè, ọmọ yè. Ó ní òun ti lọ ra àtùpà elépo, òun kàn ní kí n mọ̀ ni. Kò pariwo mọ́ mi. Ìbá sàn kó pariwo.

Mo gbéra lọ. Òjò dá, òòrùn yọ, ó mú ganrínganrín. Mo fi mítà yẹ gbogbo nǹkan wò: wáyà dáa, bátìrì dáa, ínfátà dáa. Ó yẹ kí bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ní irú ọjọ́ yẹn, kò tó ìdajì. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, mo dúró láàárín ọgbà láti sinmi. Aago kan kù díẹ̀.

Mo wolẹ̀.

Òjìji mi wà níwájú ẹsẹ̀ mi. Kúkúrú ni. Ibi tó kọjú sí — mo yí po bí ajá tó fẹ́ sùn, mo wo ọ̀nà Mazamaza, mo wo títì Bádágìrì, mo tún wolẹ̀. Ọ̀nà òkun ni.

Mo gbójú sókè. Páńẹ́lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbọn-in gbọn-in, wọ́n kẹ̀yìn sóòrùn bí ẹni tó ń bá a jà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pe ìrun àyìlà. Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi pè é tán.

Ọjọ́rú, 15/7

Mo ṣí ìwé Jámánì. Ojú ewé kẹta: ìlú tí wọ́n ti kọ ọ́ wà ní dígíríì méjìdínláàádọ́ta sí àríwá. Èkó wà ní mẹ́fà àti ààbọ̀. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá pé kí oníkálukú fi ìlú tirẹ̀ ṣe ìṣirò. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣí ìwé yìí. Mo fi í yangàn ju bí mo ṣe kà á lọ.

Iṣẹ́ wáyà ilé àti tíránsífọ́mà ni mo ṣe ní gbogbo ayé mi. Mi ò gbé páńẹ́lì kan rí kí kọ́ọ̀sì yìí tó dé. Kò sí ẹni tó bi mí. Èmi náà ò sọ.

Mo ṣe ìṣirò máàkì náà lórí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Tí mo bá fún Basheerah ní mẹ́wàá rẹ̀, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Ipò kìíní. Tí mo bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ, àwọn mẹ́tàlá yòókù ló máa pàdánù mẹ́wàá-mẹ́wàá, nítorí pé wọ́n gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Mi ò ní pè é ní Òjìji mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 16/7

Mi ò jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 17/7

Ó ń dùn mí pé mọ́ṣáláṣí ni mo dárúkọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni lémọ̀mù ìlú wa. Ẹran Iléyá rẹ̀ ni mo jẹ dàgbà. Tí ẹlòmíì bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lójú mi, n óò bá a wí. Kì í ṣe pé mo kórìíra ohun tó sọ. Ohun tó dùn mí nígbà yẹn ni pé ó mọ ohun tí mi ò mọ̀, àti pé igi lásán ni bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18/7

Mo mú wẹ́dà kan láti Mazamaza, a gé ẹsẹ̀ irin àwọn páńẹ́lì náà, a sọ ọ́ di dígíríì mẹ́wàá. Kò gbà ju wákàtí méjì lọ. Nọ́ọ̀sì bèèrè ohun tí à ń ṣe. Mo ní, "Sáfíìsì ni, a máa ń ṣe é láti ìgbà dé ìgbà."

Irọ́ funfun báláú. Mo kàn ṣáà gbọ́ ọ tó ń jáde lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21/7

Nọ́ọ̀sì pè. Iná mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, òru mẹ́ta léra. Ó ní, "Ọlọ́run ló rán yín sí wa, Enjiníà."

Mo ní àmín. Àmín!

Ọjọ́ Ẹtì, 24/7

Mo lọ bá Ìyá Ríípọ́ọ̀tù ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí Jámánì dé orí òdo. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ṣí fáìlì, ó yí i sí mi, ó fi ìka lé òfin ìkẹsàn-án. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló wà níbẹ̀.

Mo ní kí wọ́n kúkú gba ẹni kẹrin. Ó ní ilé iṣẹ́ náà ti sọ pé kò sí àyè títí di ọdún tó ń bọ̀, ìyẹn tí àyè bá máa wà nígbà náà. Mo ní kí wọ́n yí ipò padà nígbà náà. Ó ní, "Ta ni ká yọ, Daddy? Clement? Ọmọ yẹn ti gba yàrá sítòsí ibi iṣẹ́. Ìdáhùn tí ẹ kọ́ ọ ló kọ. Kí la fẹ́ sọ fún un pé ó ṣe?"

Kì í ṣe obìnrin burúkú. Ó bá mi wá omi tútù, ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ó ní wọ́n fẹ́ kí n kọ́ sẹ́ẹ̀tì kejì, nínú oṣù kẹsàn-án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1/8

Mo pàpà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Alhaja Sàdíátù. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń wí pé ọ̀la, ọ̀la.

Basheerah ò sí níbẹ̀. Ó ti ríṣẹ́, ní Trade Fair, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta jẹnẹrétọ̀. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀. Ó ní Ọlọ́run ò gbàgbé àwọn.

Jẹnẹrétọ̀.

Ó fà mí ní àga. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó mú lailọọ̀nù kan jáde lẹ́yìn páálí ìndómì. Ìwé ìdánwò ọmọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó ká a dáadáa. Ó ní, "Ó ní kí n má dà á nù. Mo bi í léèrè ohun tí ẹ fi bírò pupa kọ síbí, ó ní ẹ gba òun nímọ̀ràn ni, pé kí òun tẹra mọ́ ọn. Èmi ò kàwé, sà. Ẹ bá mi kà á, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Mo di ìwé náà mú. Mo rí òdo mi. Mo rí igi kékeré náà. Mo rí gbólóhùn mi.

Mo ní mi ò mú díígí tí mo fi ń kàwé dání.

Inú àpò ẹ̀wù mi ló wà. Ó ṣeé ṣe kó rí i. Ó ní kò burú, kí n kà á nígbà mìíràn.

Mo kábàámọ̀ òdo yẹn. Ṣùgbọ́n ti díígí yìí — èmi tí mo ti tó ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta — mi ò mọ bí n óò ṣe sọ ọ́ fún Ọlọ́run.

Ọjọ́ Ajé, 3/8

Òjò ní gbogbo ọjọ́. Mo gbé mílíìkì kúrò lórí tábìlì, mo tún gbé e padà síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8/8

Mo padà lọ. Mo ti fi díígí sójú láti ilé.

Mo ní kó gbé ìwé náà wá. Mo kà á fún un, bí mo ṣe kọ ọ́, kò yẹ̀: *Ilé ìwé nìyí, kì í ṣe mọ́ṣáláṣí.* Mo ṣàlàyé ìbéèrè náà. Mo sọ ti igi àti òjìji, mo ní ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ọmọ náà ló tọ̀nà, èmi ni mo ṣì í, òdo mi ni kò jẹ́ kó rí iṣẹ́ sólà náà. Mo ní ohun tí mo sọ nílé mi lọ́jọ́ tó gbé mílíìkì wá, irọ́ ni.

Oníbàárà kan dé, ó ra ṣúgà. Alhaja wọ̀n ọ́n, ó dì í, ó gba owó, ó fún un ní ṣéńjì. Ó wá jókòó.

Ó ní, "Àṣé nítorí yín lọmọ yẹn ṣe parọ́ fún mi."

Ó ní, "Mo bá a wí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, sà. Tí a ti ọ̀dọ̀ yín dé. Mo bá a wí gan-an pé kì í fara balẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀. Orúnkún mi kò fẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ náà ni. Ó sáré gbá mi lápá, ó ní kí n dìde, kí àwọn èèyàn má baà máa wò wá. Ó ní, "Ẹ lọ bá a. Èmi kọ́ ni ẹ ṣẹ̀."

Mo tọrọ ìwé ìdánwò náà. Ó gbé e fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9/8

Mo fa ìlà sórí òdo, mo kọ mẹ́wàá. Mo fa ìlà sórí gbólóhùn náà, ṣùgbọ́n mi ò pa á rẹ́, kí a lè máa rí i. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ipò kìíní. Mo fọwọ́ sí i, mo kọ déètì òní. Kò sí fáìlì tó máa gbà á wọlé. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15/8

Trade Fair. Mo ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì láàárín àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò kí n tó rí ibẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tò láti ẹnu ọ̀nà dé inú, pupa, búlúù, ńlá, kékeré. Basheerah wọ aṣọ iṣẹ́, ó ta híjáàbù rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó ń fa okùn ọ̀kan fún oníbàárà láti tan án. Nígbà tó rí mi, ó kúnlẹ̀ sórí simẹ́ńtì tí epo ti rin. Mo ní kó dìde. Kò dìde títí mo fi kí i tán.

Mo sọ ohun tí mo wá sọ. Mo ti há a sórí láti ilé, ó tú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́." Mo ní, "O tọ̀nà, mo rí òjìji náà pẹ̀lú ojú ara mi."

Ó ní, "Mo mọ̀, sà. Mo kọjá níwájú ilé Nọ́ọ̀sì, mo rí i pé ẹ ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín ọjọ́ yẹn kan náà. "Inú mi dùn."

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí a gbé e, tó gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ti ní kí n jókòó, sà."

Mo fún un ní ìwé ìdánwò rẹ̀. Ó wo máàkì náà, ó wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi, ó wo déètì. Ó ká a, ó fi sínú báàgì rẹ̀. "Ẹ ṣé, sà. Màmá mi máa fẹ́ rí i." Kò bèèrè bóyá ó lè fi gba nǹkan kan. Ó ti mọ̀.

Mo sọ fún un pé wọ́n ní kí n kọ́ sẹ́ẹ̀tì kejì. Mo ní òun ló yẹ kó wá kọ́ wọn lọ́jọ́ páńẹ́lì, n óò bá Ìyá — n óò bá Àǹtí Ọlábùnmí sọ ọ́. Ó mi orí. Ó ní ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n máa ń fún òun láàyè. Ó ní ibí ò burú, wọ́n ń sanwó lásìkò.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣùgbọ́n ẹ máa kọ́ wọn, sà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ogójì fún wọn mọ́. Ẹ ní kí wọ́n ri igi mọ́lẹ̀."

Mo ṣèlérí.

"Tí ẹnì kan bá sì nawọ́, sà —"

Oníbàárà dé. Ọkùnrin kan tó ń wá jẹnẹrétọ̀ ńlá, ó ń yára. Basheerah ní kí n má bínú, ó sáré lọ bá a. Mo dúró ti ògiri. Mo gbọ́ bó ṣe ń bi í: gílóòbù mélòó lẹ ní nílé, sà? Ṣé àwọn oníná pupa yẹn ni? Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ wọn ná. Fìríìjì yín ńkọ́, ṣé rọ́bà ẹnu rẹ̀ ṣì dáa? Ó ya bébà kan, ó fi àpẹẹrẹ hàn án lójú páálí. Nígbà tó fi máa ṣe é tán, kékeré ni ọkùnrin náà rà. Ọ̀gá rẹ̀ ń wò ó láti inú ọ́fíìsì, ó fajú ro.

Ẹlòmíì tún dé, òmíràn tún dé. Mo dúró tó ìdajì wákàtí. Mo fẹ́ kó parí gbólóhùn náà, kó sọ ọ́ sí mi létí, kó tiẹ̀ fi bú mi tó bá wù ú. Kò ráyè. Nígbà tí mo juwọ́ sí i, ó tún kúnlẹ̀ láti ọ̀ọ́kán, okùn jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́.

Mo ti délé. Kò sí iná ní Festac. Jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò ló ń ké, ojú fèrèsé mi ń gbọ̀n. Mo jókòó, mo ń gbìyànjú láti kọ ìyókù gbólóhùn rẹ̀ síbí. Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ni kò kọ ọ́.